Lẹ́tà Tó Wà Lọ́wọ́ Wa Kì Í Ṣe Tiwa Nìkan: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò. Alága ní kí n lo ogójì ìṣẹ́jú, kí n má sì da gírámà kọ̀ǹpútà bò yín. Èyí kejì ni màá sapá lé lórí. Ní ti ogójì ìṣẹ́jú, ẹ bá mi bẹ Alága.

Ohun tó kó wa jọ kò ṣòro láti sọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹgbẹ́ yín ti ń lo ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, ọmọkùnrin kan ló sì ń bá yín bójú tó sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti gba físà, ó ń lọ. Ìgbìmọ̀ wá ní kí ẹ kó gbogbo lẹ́tà lọ sí Gmail, torí pé ọ̀fẹ́ ni, àyè rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni á pè yín pé jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Àwọn kan nínú yín ń kọminú. Wọ́n ní ṣé Google, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Gmail, kò ní máa ka ọ̀rọ̀ àwọn. Ìbéèrè tó dáa ni, a máa dáhùn ún. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni látàárọ̀, òun gan-an ló sì gbé mi wá síbí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀yọ́, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún ìyá bàbá mi. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Èkó ló ń kọ ọ́. Bí lẹ́tà bá ti dé, màmá á pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná, á bu ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́, á ní kí n rọra kà á. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń gbọ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò yẹ kó gbọ́: ẹni tó jẹ gbèsè, ìyàwó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, owó ilé tí wọn kò tíì san. Màmá mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó tiẹ̀ ń fi ẹ̀pà san owó iṣẹ́ mi. Ẹni tí kò mọ̀ ni àbúrò bàbá mi. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, ó rò pé ìyá òun nìkan ni òun bá sọ̀rọ̀. Tó bá wá dé fún ọdún Iléyá, tó fa agbádá wọ̀, tó ń há owó fún àwa ọmọdé, èmi a máa wo owó náà lọ́wọ́ mi, màá máa rò ó pé ta ni bọ̀dá tún lọ yá a lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ fi bọ̀dá yẹn sọ́kàn. A ó tún padà bá a.

Kí n tó na ìka sí ará Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú ímeèlì ilé-ìwé kan, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Inú yàrá kan tí kò tó ibi tí mo dúró sí yìí ni sáfà náà wà, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ mi, páásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí gbogbo àpótí náà wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ ka lẹ́tà ọ̀gá àgbà kí n tó jẹun àárọ̀, kò sóhun tó lè dí mi lọ́wọ́, kò sì sí ibi tó máa hàn sí pé mo kà á. Nínú ọdún mọ́kànlá náà, ẹyọ ẹnì kan kò bi mí rí pé, “Ṣé o máa ń kà wọ́n?”

N kì í kà wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan lẹ́tà kan há, kò lọ, kò bọ̀, ó sì dí ọ̀nà fún àwọn tó kù. Mo ní láti ṣí i kí n lè mọ ohun tó ṣe é. Ìlà kan péré ni ojú mi bà: èsì àyẹ̀wò ọyàn olùkọ́ obìnrin kan ni. Mo pa á dé wéré, mo tún un ṣe, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé màmá yẹn lórí àtẹ̀gùn, ìkíni mi ti yàtọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó yàtọ̀, òun ló mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ń kí mi bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀?” Mi ò rí ohun kankan fi fèsì.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ níbí bíi pé títí di òní lẹ́tà yín wà ní ìpamọ́, pé ìgbà tí ẹ bá dé Gmail ni àṣírí á ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gba físà yẹn ní gbogbo rẹ̀. (Ẹ gba dísìkì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwàdà kọ́ o, Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.) Ẹni tó mọ̀ yín ló wà nídìí lẹ́tà yín báyìí. Ibi tí ẹ ń lọ, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yín rí ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà àìmọye èèyàn lágbàáyé ló wà níwájú ẹ̀rọ náà. N kò lè sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ ní gbogbo ọ̀nà.

Ó dáa, Gmail. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Google kéde rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń fi irọ́ ṣàwàdà lókè òkun ni, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn á fúnni ní àyè gígábáìtì 1, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mégábáìtì, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, mégábáìtì 2 ni Hotmail ń fúnni, Yahoo ń fúnni ní 4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo sáíbà kàfé láyé ìgbà náà, ẹ rántí bá a ṣe ń pa lẹ́tà rẹ́ kí tuntun lè ráyè wọlé. Gmail ní kí a má pa ohunkóhun rẹ́ mọ́. Gbólóhùn yẹn dùn, ṣùgbọ́n òun gan-an ló yí ohun gbogbo padà, torí pé àpótí tí wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ ti di àká.

Owó tí wọ́n fi ń ṣe é wá ńkọ́? Ìpolówó ọjà ni. Ẹ̀rọ wọn á ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, á fi ìpolówó tó bá a mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O kọ̀wé pé táyà rẹ jò, o rí ìpolówó táyà. Inú oṣù kẹrin yẹn náà ni àjọ 31 tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú àti ìpamọ́ àṣírí kọ̀wé sí Google pé kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ná. Sẹ́nétọ̀ kan ní California, Liz Figueroa, gbé àbá òfin dìde lórí rẹ̀. Google fèsì pé ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe èèyàn, àti pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ímeèlì ló ń fi ẹ̀rọ wo lẹ́tà kí wọ́n lè mú kòkòrò kọ̀ǹpútà (fáírọ́ọ̀sì) àti lẹ́tà ìdọ̀tí kúrò. Òótọ́ ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé, ẹni tó bá ní òun ń tọ́jú ímeèlì tí kò ṣe é, irọ́ ló ń pa tàbí kí àpótí àwọn èèyàn rẹ̀ kún fún àgbákò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wá ìdọ̀tí, ohun tó máa dà nù ló ń wá. Ẹ̀rọ ìpolówó ń wá ohun tó máa tà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó tako Gmail nígbà náà sọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbójú fò. Wọ́n ní ẹni tó ṣí Gmail ti tẹ “mo gbà”. Ẹni tó kọ̀wé sí i láti ibòmíràn kò tẹ nǹkan kan. Bọ̀dá mi nìyẹn. Màmá gbà kí n máa ka lẹ́tà, bọ̀dá kò mọ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà ọdún 2017, Google kéde pé àwọn kò ní lo ọ̀rọ̀ inú Gmail láti fi yan ìpolówó fún èèyàn mọ́. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá dìde lónìí tó ní Google ń ka lẹ́tà yín kó lè polówó ọjà fún yín, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Ìpolówó ṣì wà níbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń yàn án. Ẹ̀rọ náà kò sì ṣíwọ́ kíkà. Òun ló ń mọ̀ pé èyí jẹ́ ìwé ọkọ̀ òfurufú, tó sì ń fi í sínú kàlẹ́ńdà yín, òun ló ń dá èsì lábàá kẹ́ ẹ tó ronú. Ó wúlò, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń kà á.

Kò yẹ kí n pẹ́ lórí àwọn olè. Ní 2016 ni Yahoo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún aráyé pé àwọn kan ti wọlé kó ìsọfúnni jáde ní 2013 àti 2014. Ní 2017 wọ́n tún jẹ́wọ́ pé gbogbo àkáǹtì tó wà lọ́wọ́ àwọn ní 2013 ló kàn, bílíọ̀nù mẹ́ta. Ìròyìn burúkú ni. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ olè nìkan là ń bẹ̀rù, màá ní kẹ́ ẹ lọ sí Gmail lọ́la. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan níbí tó ní irú ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ní.

Òfin ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Kánádà ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2006, Yunifásítì Lakehead ní Thunder Bay kó ímeèlì àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Gmail, torí pé èyí tí wọ́n ń lò ti gbó, owó tí wọ́n á fi tún un ṣe sì pọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yín náà ni. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yarí. Wọn kò sọ pé Google jẹ́ olè o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, bí lẹ́tà wa bá ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, òfin Amẹ́ríkà ló máa ṣí i, pàápàá òfin Patriot tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìkọlù 2001, àwa kò sì ní mọ̀ pé wọ́n ṣí i. Àríyànjiyàn náà dé iwájú onílàjà. Ní 2009, wọ́n dá yunifásítì láre. Àwọn olùkọ́ pàdánù ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pàdánù ọ̀rọ̀: kò sẹ́ni tó sọ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò lè ṣẹlẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà lórí ímeèlì fúnra rẹ̀ ṣàjèjì. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Wọ́n rò ó pé lẹ́tà tó bá pé ọjọ́ 180 lórí sáfà ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín ti pa á tì, nítorí náà agbófinró lè gbà á láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Lẹ́yìn náà ni Gmail dé tó ní ká má pa nǹkan rẹ́ mọ́. Ó di 2010, nínú ẹjọ́ Warshak, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ tó sọ pé ìwé àṣẹ adájọ́ pọn dandan. Ó dùn mọ́ni nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ ni ìwé òfin ilẹ̀ ń gbèjà. Àwa tá a wà ní Ìbàdàn, àlejò ni wá. Òfin mìíràn tó jáde ní 2008 fún àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn láyè láti gba ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì sí ní Amẹ́ríkà, láìsí pé adájọ́ ń wo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Edward Snowden, tó ti bá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ṣiṣẹ́ rí, tú síta ní 2013 nìyẹn. Òfin CLOUD ti 2018 tún fi kún un pé ibi yòówù kí ilé-iṣẹ́ wọn kó dátà pamọ́ sí lágbàáyé, bí ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà bá ní kí wọ́n mú un wá, wọ́n á mú un wá.

Mo gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé kí ni Amẹ́ríkà fẹ́ fi ìwé ẹ̀yáwó Màmá Ṣadé ṣe. Òótọ́ ni, sà. Ó ṣeé ṣe kó má kàn wọ́n láéláé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ń bèèrè nǹkan. Oníròyìn kan wà ní Ṣáínà, Shi Tao, tó fi Yahoo rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun ní 2004 nípa àṣẹ tí ìjọba pa fún àwọn ilé ìròyìn. Ìjọba bèèrè ẹni tó ni àkáǹtì, Yahoo sì fún wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un ní 2005. Lọ́dún 2007 ni Jerry Yang tó jẹ́ olórí Yahoo tẹrí ba fún ìyá ọkùnrin náà níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìtẹríba náà kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń lọ bá.

Àwọn kan á ní kí wá ló dé tí a kò fi lo irú èyí tí ẹni tó ń gbé lẹ́tà kò ní kọ́kọ́rọ́, bí ẹni tó gbé àrokò láyé àtijọ́ tó mọ̀ pé owó ẹyọ ló wà lọ́wọ́ òun, tí kò mọ ohun tí wọ́n fi sọ. Ó wà. Proton Mail ti ilẹ̀ Switzerland ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2014. Ṣùgbọ́n àyàfi kí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí náà lo irú rẹ̀ kó tó pé. Tó bá wà lórí Gmail, ẹ̀dà tirẹ̀ wà ní Gmail náà nìyẹn. Àwọn náà kò sì ju òfin ilẹ̀ wọn lọ: ní 2021, àṣẹ ìjọba Switzerland mú kí wọ́n fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Faransé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kò jáde, ibi tó ti ń wọlé ló jáde.

Ewu kan tún wà tó sún mọ́ yín jù gbogbo èyí lọ, òun ni àwọn ápù. Ẹ rí ápù kan tó ní òun á bá yín tún àpótí lẹ́tà ṣe, ẹ tẹ “gbà láyè”, ẹ gbàgbé. Ní 2017, ìròyìn jáde nípa Unroll.me, tó ń bá èèyàn yọ orúkọ kúrò lórí lẹ́tà ìpolówó. Ó ń kó rìsíìtì Lyft, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ápù gbé èrò, láti inú àpótí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó yọ orúkọ kúrò, ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì tà á fún Uber tó ń bá Lyft du ọjà. Google kọ́ ló jí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó ni àpótí ló ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó gbé ìgbálẹ̀ dání.

Ó dáa, kí lẹ máa ṣe? Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan rò pé màá ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo ẹrù. Ẹni tó ń kó kúrò nílé kì í di àkísà mọ́ aṣọ. Lẹ́tà ẹ̀yáwó tí wọ́n ti san tán láti 2015, kí ló ń wá lọ sí California tí Google wà? Ẹ wo ohun tó wà nínú wọn: NIN, BVN, fọ́tò àwọn oníduùró, ìwé ilé ìwòsàn tí ẹnì kan fi bẹ̀ yín pé àìsàn ọmọ òun ló mú kí òun fẹ́ yáwó lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rọ̀ yín kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ni, ó kàn wà lọ́wọ́ yín ni. Èyí tí òfin tàbí àyẹ̀wò owó bá ní kẹ́ ẹ tọ́jú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ pa ìyókù rẹ́.

Kẹ́ ẹ tó kó, ẹ sọ fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìlà mẹ́ta tó, ní Yorùbá, lórí WhatsApp àti lára ògiri ọ́fíìsì. Kì í ṣe ojú àánú lásán ni mo fi sọ ọ́. Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Lójú òfin yẹn, ẹ̀yin lẹ ń darí dátà àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe Google. Bí bọ̀dá bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ka lẹ́tà òun, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀.

Ẹ ra Gmail tí wọ́n ń sanwó fún dípò tọ̀fẹ́, kí orúkọ ẹgbẹ́ lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má di pé akọ̀wé tó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n á fi máa ránṣẹ́ sí yín bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ẹ má fi síìmù àtijọ́ ẹnikẹ́ni ṣe é. Níbí, síìmù tí ẹni tó ni ín kò lò fún oṣù mẹ́fà lè kú, kí wọ́n sì tún nọ́ńbà náà tà fún ẹlòmíràn tó bá yá. Ẹni tó rà á ní Ṣagámù kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà nínú ohun tó fowó rà.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹyọ kan péré ni màá kọ síbí. Màmá kan dìde, akápò àtijọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, èmi ní Yahoo kan tí mo ti ń lò láti ìgbà kàfé. Àwọn oníduùró máa ń kọ̀wé sí mi níbẹ̀. Bí a bá ti lọ sí tuntun, ṣé kí n pa á rẹ́ ni?”

Mo ní rárá, mà. Ní 2013, Yahoo kó àwọn orúkọ tí wọn kò tíì lò fún ọdún kan jáde, ó fún àwọn tuntun tó fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹni tó ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Gmail ní tirẹ̀ kì í tún orúkọ tí wọ́n ti pa rẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ kó lẹ́tà inú rẹ̀ kúrò, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ẹ fi ìsọfúnni sílẹ̀ tí á máa dá ẹni tó bá kọ̀wé lóhùn pé ẹ ti kó lọ, kẹ́ ẹ sì máa wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Wọ́n ní, “Títí di ìgbà wo?”

Mo ní títí tí oníduùró tó kẹ́yìn á fi gbọ́ pé ẹ ti kó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn lórí ìka.